"Nọ́mbà Lásán Ni Wọ́n Ń Kó": Irọ́ Ni

Ẹnì kan tún sọ ọ́ sí mi létí lánàá, ó ń fọwọ́ sọ̀yà: "Mi ò jalè, mi ò pànìyàn, kí ìjọba máa ṣọ́ fóònù mi lọ. Wọn ò kúkú gbọ́ ohun tí mò ń sọ, nọ́mbà tí mo pè lásán ni wọ́n ń kó." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ wo ọjọ́ méjì péré nínú ìpè tó wà lórí fóònù mi. Ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀: ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú 2. Ọ̀sán: dókítà, ìṣẹ́jú 19. Aago 1 òru: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wákàtí kan ó lé. Ilẹ̀ mọ́: lọ́yà. Ẹ ò gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀ o, síbẹ̀ ẹ ti mọ̀ pé ara mi ò dá. Ìyá mi gan-an ò tíì gbọ́ nígbà yẹn.

Irú àkọsílẹ̀ yìí gan-an ni Edward Snowden, tó ti bá NSA, àjọ aṣọ́ni ìjọba Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́, tú àṣírí rẹ̀ ní 2013, pé àjọ náà ń kó ti ọ̀kẹ́ àìmọye ará Amẹ́ríkà jọ. Ìjọba ibẹ̀ ní àkójọ náà ń gba ẹ̀mí là. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba wọn fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ tú u wò, àbọ̀ wọn jáde ní oṣù kìíní 2014: nínú gbogbo ewu tó dojú kọ Amẹ́ríkà, wọn ò rí ìwádìí apániláyà kan ṣoṣo tí àkójọ náà yí ibi tó já sí padà. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin tí wọ́n gùn lé kò tilẹ̀ fún wọn láṣẹ ẹ̀.

Ó dáa, bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tọpa afurasí kan, mi ò bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n ta ló jókòó ti àkọsílẹ̀ yín? Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ní 2013 kan náà, olùyẹ̀wò àgbà NSA kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ kan, ó ka ìgbà 12 láti 2003 tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi agbára ìṣọ́ni àjọ náà lò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ológun, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un láàyè sórí ẹ̀rọ náà ló ti wá àdírẹ́sì ímeèlì 6 tó jẹ́ ti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́! Kí ni obìnrin yẹn jí?