Rédíétọ̀ Ńlá Kọ́ Ni Oògùn Mọ́tò Tó Ń Gbóná

Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú Peugeot 504, tí mọ́tò náà wá ń gbóná, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ín ni pé rédíétọ̀ rẹ̀ kéré: "Lọ wá rédíétọ̀ ńlá, èyí tó nípọn dáadáa." Á náwó, páńẹ́lì bítà á gé irin iwájú mọ́tò kí tuntun lè wọlé, kò sì ní pẹ́ tí ọwọ́ géèjì á tún gòkè nínú gosiló Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn ti ba mọ́tò àtijọ́ jẹ́ jù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, rédíétọ̀ kọ́ ló kéré. Afẹ́fẹ́ ni kò gba ibi tó yẹ kó gbà, tàbí kó jẹ́ pé ó há síbi tí kò yẹ kó wà.

Epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ló ń dá ooru sílẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru ọ̀hún ló sì ń bá omi lọ sí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì 504 tó wọ́pọ̀, cc 1971 ni. Bí ẹ bá fi 3Y ti Hiace rọ́pò rẹ̀, cc 1998 ni yẹn. Kí ló wá fi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Rédíétọ̀ 504 tí inú rẹ̀ mọ́, tí kò jò, tí ìdọ̀tí kò dí ara rẹ̀, á gbé e. 22R ti Hilux, cc 2366, lè fẹ́ èyí tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìlọ́po méjì.

Ìnípọn gan-an tún ní wàhálà tirẹ̀. Rédíétọ̀ tó nípọn ní ìlà ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí afẹ́fẹ́ tó dé ìlà kẹta, ó ti gbóná lára méjì àkọ́kọ́, agbára tí fáànù nílò láti fà á kọjá sì pọ̀ sí i. Tí mọ́tò bá ń sáré lójú títì Ìbàdàn, ẹ ò ní mọ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ máa mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti fáànù. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí.

Ẹ́ńjìnnì tuntun sábà máa ń gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyè kò wá sí mọ́. Wọ́n á yọ fáànù tí bẹ́líìtì ń yí, wọ́n á ju kọ́fà rẹ̀, ìyẹn ohun tó yí i ká tó ń darí afẹ́fẹ́, nù, wọ́n á sì so fáànù iná kékeré kan mọ́ ara rédíétọ̀ pẹ̀lú okùn rọ́bà tí wọ́n kì bọ àárín àwọn ọ̀pá omi. Okùn yẹn á máa ha ọ̀pá títí yóò fi lu. Ojú ibi tí abẹ fáànù ń yí lé nìkan ló ń rí afẹ́fẹ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rédíétọ̀ kò rí nǹkan kan.

Bí àyè bá wà fún fáànù bẹ́líìtì, ẹ fi sílẹ̀. Kí ìdajì abẹ rẹ̀ wà nínú kọ́fà, kí ìdajì wà níta. Kí àlàfo láàárín ẹnu abẹ àti kọ́fà wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Láàárín abẹ àti rédíétọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó dín ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, torí ẹ́ńjìnnì ń mì lórí síìtì rẹ̀. Bó bá jẹ́ fáànù iná ni, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi páànù ṣe kọ́fà tó bo ojú rédíétọ̀ pátá, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí fáànù wà láàárín rẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe mọ́ ọ̀pá. Fáànù íńṣì 14 tàbí 16 ló dára. Ti 10 kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Láti bátìrì ni kí iná rẹ̀ ti wá, kó gba físù 30 A àti rílé 40 A (súwíìsì tó ń gbé iná ńlá fún fáànù) kọjá, pẹ̀lú wáyà 4 mm². Wáyà tó tín-ín-rín á máa jẹ iná náà lójú ọ̀nà: fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ wọn iná ní ìdí fáànù gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kó tó 13 volt.

Ẹ mú ojú-ewé ìwé ìròyìn kan sún mọ́ iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sì já bọ́, fáànù ń fà. Bó bá ń fẹ́ ẹ padà, rẹ́wáyà ti so wáyà méjèèjì lódì. Ẹ tún fi fóòmù tàbí rọ́bà dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ àti òkè rédíétọ̀, torí ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú omi ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wọlé sábà máa ń ga ju rédíétọ̀ lọ. Atẹ́gùn á kó jọ sókè, lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, omi kò ní dé ibẹ̀, géèjì kódà lè má sọ òótọ́. Ìdérí rédíétọ̀ ló yẹ kó ga ju gbogbo ibi tí omi dé lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ike omi kan sókè ju orí ẹ́ńjìnnì lọ, kẹ́ ẹ fa họ́ọ̀sì mílímítà 8 láti ibi tó ga jù lójú ọ̀nà omi wá sínú rẹ̀, kí họ́ọ̀sì tó nípọn sì ti ìdí rẹ̀ lọ sí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Orí ike yìí ni ìdérí tó ń ti omi mọ́lẹ̀ máa wà. Ìdérí bar 0.9, ìyẹn psi 13, ń mú kí omi má hó títí di nǹkan bíi 118°C. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ á jẹ́ kó hó ní 100.

Tẹ́ ẹ bá ń bu omi, ẹ páàkì síbi tó dagun, kí iwájú mọ́tò wà lókè. Irú ibẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Iléṣà. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún họ́ọ̀sì òkè lọ́wọ́. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, kẹ́ ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù. Tí thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, bá ṣí, họ́ọ̀sì òkè á gbóná lójijì, omi á sì lọ sílẹ̀. Ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ dé e. Kúláǹtì àti omi mímọ́, ìdajì-ìdajì ni. Omi kànga ń dá ìpẹ́pẹ́ sínú ọ̀pá.

Ẹ má sì yọ thermostat jù nù. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ní ọ̀nà àbùjá omi tí thermostat fúnra rẹ̀ ń dí, yíyọ ọ́ túmọ̀ sí pé omi gbígbóná kan á máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀.

Ìgbà wo ni rédíétọ̀ wá kéré lóòótọ́? Ẹ wo ibi tí ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń gbóná ní Lágéré, tó ń tutù lójú títì, fáànù àti kọ́fà ni. Bí họ́ọ̀sì òkè bá le bí igi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ tan án ní òwúrọ̀, tí omi ń ru fùkẹ̀fùkẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ló ti jó. Ṣùgbọ́n bó bá dára nínú gosiló, tó wá ń gbóná nígbà tó ń sáré tàbí tó ń fi ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná, torí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ń fà á mu. Èyí tó ní sípíríǹgì nínú ló yẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ inú rédíétọ̀. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn, ó kéré. Èyí tó fẹ̀, tó ga, tó ní ìlà ọ̀pá méjì ni kẹ́ ẹ rà, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá ti ẹ́ńjìnnì dọ́gba, pàápàá ti ìsàlẹ̀.