Ewé tútù kọ́ ni irè: bí oko ẹ̀bá títì ṣe ń tan wá jẹ nígbà tí ìkórè Kánádà bá ń bọ̀

Ẹni tó bá wakọ̀ gba títì 11 láti Regina lọ sí Saskatoon, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ẹnu rẹ̀ kò ní lè dákẹ́. Àlìkámà á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kanólà, irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, á ti gbọn òdòdó rẹ̀ sílẹ̀, á dúdú minimini, ilẹ̀ á sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ títí tó fi kan ojú ọ̀run. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí WhatsApp: "Ẹ wo bí oko wọ̀nyí ṣe tutù! Owó ńlá ni àwọn àgbẹ̀ yìí máa rí lọ́dún yìí." Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá kí wa láti Toronto tilẹ̀ ní kí n dúró kí òun ya fọ́tò. Wọ́n ní, "Àbúrò, ibi tí ọkà bá ti rí báyìí, ebi ò lè débẹ̀."

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà mi rèé níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń já ọkà wọn. Èmi ni mò ń wọn ọkọ̀ wọn bó ṣe ń wọlé, èmi ni mò ń bu díẹ̀ nínú ọkà náà fún àyẹ̀wò. Ohun tí ìwọ̀n ń sọ fún mi nínú oṣù kẹsàn-án kì í sábà bá ohun tí títì sọ nínú oṣù kẹjọ mu. Ìgbàgbọ́ pé oko tó bá ga tó sì tutù yọ̀yọ̀ kó tó di ìkórè ni irè rẹ̀ máa pọ̀, kì í ṣòótọ́. Ó tún ní ìkejì tó ń bá a rìn, ìyẹn ni pé òjò èyíkéyìí tó bá rọ̀ lásìkò náà, èrè ni. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ní pápá gbalasa Saskatchewan, Alberta àti Manitoba, ìpín kan jẹ́ 160 éékà, ó tó 800 mítà níbùú àti lóròó. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kò rí ju bíi ogún mítà àkọ́kọ́ lọ nínú ọkà tó ti ga dé ìbàdí. Ogún mítà yẹn gan-an sì ni kò jọ ìyókù. Etí oko ni ẹ̀rọ ìgbìn ti ń yípo, ibẹ̀ ni irúgbìn àti ajílẹ̀ ti máa ń bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yìnyín ìgbà òtútù tí atẹ́gùn gbá jọ sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà sì máa ń yọ́ sínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àárín oko ńkọ́? Ibẹ̀ ni adágún omi wà, tí ọkà ti kú sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ oníyọ̀ wà, tí nǹkan kan kì í hù sí, àti orí òkè tí ọkà rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Ojú títì kò rí ìkankan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ sọ pé gbogbo oko dọ́gba. Ewé kọ́ la ń kó sínú àká. Ẹni tó bá ti gbin iṣu rí mọ̀ pé ewé lè bo ebè mọ́lẹ̀ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ má tó ọwọ́ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àlìkámà. Nǹkan mẹ́ta ló ń di irè: iye ṣírí tó wà lórí ilẹ̀, iye hóró tó wà nínú ṣírí kọ̀ọ̀kan, àti bí hóró náà ṣe wúwo tó. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ojú lè rí láti òkèèrè.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ká ní oko àlìkámà méjì wà, tí ṣírí 400 wà lórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó nínú oko méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n lójú ẹni tó ń kọjá. Nínú oko àkọ́kọ́, ṣírí kọ̀ọ̀kan ní hóró 30, ẹgbẹ̀rún hóró sì wọn gíráàmù 33. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 396 lórí ilẹ̀ kékeré yẹn, tí yóò fún àgbẹ̀ ní nǹkan bíi búṣẹ́lì 59 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọkà níbí) lórí éékà kan. Nínú oko kejì, ooru mú ọkà náà nígbà tó ń tanná, omi sì wọ́n ọn nígbà tí hóró ń kún. Ṣírí kọ̀ọ̀kan ní hóró 22, ẹgbẹ̀rún hóró sì wọn gíráàmù 27. Búṣẹ́lì 35 péré ni éékà kan máa mú wá. Ṣírí kan náà, gíga kan náà, búṣẹ́lì 24 ti dànù lórí éékà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí fọ́tò tó lè fi hàn.

Ìgbà wo ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀? Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń gbìn, kó tó di pé oṣù kẹfà jìnnà. Oṣù kẹfà ni àlìkámà ń pinnu iye ẹ̀ka tí yóò yọ àti iye hóró tí ṣírí lè gbà. Oṣù keje ni ó ń tanná, tí hóró sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tí àwa fi ń ya fọ́tò lóṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ìpinnu ti parí. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: òjò tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń sọ gbòǹgbò di ọ̀lẹ. Omi wà lókè, kí ni gbòǹgbò fẹ́ wá lọ sísàlẹ̀? Oko bẹ́ẹ̀ máa ń tutù ju gbogbo oko lọ lóṣù kẹfà. Tí oòrùn oṣù keje bá wá mú, òun náà ló máa kọ́kọ́ rọ. Ajílẹ̀ náítírójìn tó bá pọ̀ jù ń ṣe irú rẹ̀: ewé á dí pa, ọkà á ga, á sì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ìjì bá fẹ́. Nínú kanólà, abẹ́ ewé tó dí pa tí kì í gbẹ yẹn ni àrùn tó ń sọ igi rẹ̀ di funfun tó sì ń jẹ ẹ́ rà ti máa ń rí ààyè.

Ọdún 2021 ló ṣí ojú mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ ti gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní ìparí oṣù kẹfà, ooru kan bo ìwọ̀ oòrùn Kánádà bí ìgbà tí èèyàn da ìkòkò bo ilẹ̀. Ní Lytton, ní British Columbia, ó dé ìwọ̀n 49.6 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì lọ́jọ́ 29 oṣù náà. Kò sí ibì kankan ní Kánádà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí. Ooru náà wọ pápá gbalasa nígbà tí kanólà ń tanná, kanólà kò sì fẹ́ ooru tó bá kọjá 30 nígbà òdòdó. Òdòdó á kàn gbẹ, á já bọ́, ibi tó yẹ kí èso wà á ṣófo. Irè àlìkámà gbogbo Kánádà, tó lé ní mílíọ̀nù 35 tọ́ọ̀nù lọ́dún 2020, já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 22. Kanólà kúrò ní mílíọ̀nù 19 àti díẹ̀, ó di bíi 14.

Lẹ́yìn náà ni òjò wá dé, ní ìparí oṣù kẹjọ. Oko tó ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé padà. Ẹni tó bá kọjá lóṣù kẹsàn-án lè rí ewé tuntun nínú oko tó yẹ kí kọ́ńbáìnì, ẹ̀rọ ìkórè, ti wọ̀, kódà ó lè rí òdòdó kanólà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó lẹ́wà lójú ẹni tí kò mọ̀. Wàhálà gidi ló jẹ́ fún àgbẹ̀. Òdòdó yẹn kò lè di èso kí ìrì dídì tó dé. Ewé tútù náà ń dí ẹnu kọ́ńbáìnì, omi inú rẹ̀ sì ń bá ọkà gbígbẹ wọ inú àká, ibẹ̀ ni ọkà ti máa ń gbóná tó sì ń bàjẹ́. Ọdún tí oko wọ̀nyẹn tutù jù lóṣù kẹsàn-án gan-an ni irè wọn kéré jù.

Nípa òjò òpin oṣù kẹjọ yìí, àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì lè wúlò. Wọ́n á yọ hóró àlìkámà kan, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ibi tí èékánná tẹ̀ kò bá padà sípò mọ́, ọkà náà ti gbó. Láti ìgbà yẹn lọ, igi rẹ̀ kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí hóró mọ́. Odindi odò ì báà rọ̀ sórí rẹ̀, kò ní wúwo sí i. Ohun tí òjò lè ṣe fún un kò ju pé kó bà á jẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Bí òjò bá pẹ́, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ṣírí níbi tó dúró sí.

Àlìkámà tó ti hù báyìí, ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í ṣe búrẹ́dì tó dáa. Ohun inú irúgbìn tó ń sọ sítáṣì di ṣúgà ti jí, inú búrẹ́dì á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Àyẹ̀wò kan wà fún un: wọ́n á po ìyẹ̀fun mọ́ omi nínú ọpọ́n gíláàsì gígùn, wọ́n á kì í bọ inú omi híhó, wọ́n á sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀pá irin máa fi rì dé ìsàlẹ̀. Àlìkámà tó dáa máa ń lé ní 300. Èyí tó ti hù, ọ̀pá á rì kíákíá bí ẹni pé omi lásán ni. Àgbẹ̀ tó gbé ọkà bẹ́ẹ̀ wá lè ní búṣẹ́lì tó pọ̀ kó sì gba owó ọkà tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù. Mo ti wo ojú àwọn tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀, kò sì rọrùn láti wò. Lọ́dún 2019, òjò àti yìnyín dé bá ọkà lóko kí wọ́n tó kó o tán, apá kan nínú rẹ̀ sùn sábẹ́ yìnyín di ọdún 2020.

Kanólà ní tirẹ̀ tún yàtọ̀. Bí ìrì dídì bá mú un kó tó gbó, àwọ̀ ewé á há sínú hóró rẹ̀, kò ní jáde mọ́, á sì wọ inú òróró. Kí wọ́n tó pè é ní ìpele kìn-ín-ní, hóró tútù inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọ̀ tí à ń yìn lójú títì, owó ni wọ́n ń yọ nítorí rẹ̀ níbi ìwọ̀n.

Mi ò sọ pé òjò oṣù kẹjọ kò dáa rárá o. Oko tí wọ́n gbìn pẹ́, tí hóró rẹ̀ ṣì rọ̀ bíi wàrà, á jẹ àǹfààní rẹ̀. Koríko màlúù náà á jẹ ẹ́, ilẹ̀ á sì tọ́jú omi de ọdún tó ń bọ̀. Ọkà tó ti gbó ni kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀.

Ojú máa ń ṣìnà sí apá kejì náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2013, ìfojúsọ́nà tí Statistics Canada, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ka iye nǹkan, gbé jáde fún àlìkámà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí oṣù kejìlá dé, mílíọ̀nù 37.5 ló jáde. Ojú ọjọ́ tutù díẹ̀ nígbà tí hóró ń kún, ó rí àyè kún dáadáa, kò sì sí ẹni tó lè rí ìwúwo yẹn láti ìta. Ọkà pọ̀ débi pé rélùwéè kò rí i kó, ìjọba àpapọ̀ ló pàṣẹ lóṣù kẹta 2014 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ńlá méjì ilẹ̀ náà máa kó iye kan pàtó lọ́sẹ̀.

Bóyá ẹnì kan á ní sátẹ́láìtì kúkú ń wo àwọ̀ ewé láti òfurufú, wọ́n sì ń fi ṣe ìfojúsọ́nà. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2016 ni Statistics Canada ti ń lò ó dípò ìbéèrè oṣù kẹsàn-án, ó sì gba ipò ìbéèrè oṣù keje lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo àwọ̀ nìkan. Wọ́n ń fi òjò, ooru àti ìtàn irè àwọn ọdún tó ti kọjá kún un, nítorí pé nígbà tí ewé bá ti bo ilẹ̀ pátápátá, àwọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ hàn mọ́. Nígbà tí ìkórè bá sì parí, ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n tún ń padà sí láti gba iye tòótọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àgbẹ̀ ń tọwọ́ bọ̀wé lórí irè tí kò tíì sí. Lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ wọn ti ṣèlérí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fún àwọn tó ń ra ọkà, iye kanólà tí wọ́n máa kó wá fún wọn, ní iye owó ìgbà náà. Nígbà tí irè já, owó kanólà fò sókè. Ẹni tí kò rí iye tó ṣèlérí kó wá ní láti san ìyàtọ̀ owó náà lápò ara rẹ̀, lórí ọkà tí kò hù. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi máa ń kó nígbà tí àwọn ará wa bá ń kí wọn kú oríire lóṣù kẹjọ.

Àwọn bàbá wa kì í kí ẹni tó wà lóko kú oríire irè. "Àroko bọ́dún dé o" ni wọ́n ń sọ, àdúrà sì ni. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ fún àgbẹ̀ kan tó máa ń já ọkà lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́ńbáìnì rẹ̀.