Ọ̀bẹ tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà kì í ṣe ayédèrú

Ní ọjà Kabba, ẹni tó bá dúró díẹ̀ níwájú àtẹ àwọn tí ń ta ọ̀bẹ yóò rí i pé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́, ni adájọ́ ibẹ̀. Oníbàárà á mú ọ̀bẹ, á fi mágnẹ́ẹ̀tì kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, á dá a padà sórí àtẹ, á ní ayédèrú ni, pé mágnẹ́ẹ̀tì kì í fa stainless gidi, irin tí kì í dípẹtà. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé Isanlu, lẹ́nu ọmọdé àti àgbà, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe òótọ́. Bó bá jẹ́ ti ọ̀bẹ onírin, èyí tí mágnẹ́ẹ̀tì kọ̀ gan-an ló yẹ kí a fura sí.

Orí ṣíbí àti ìkòkò ni àṣìṣe náà ti wá. Stainless tí a sábà fi ń ṣe wọn ní nǹkan bí ìdá 18 chromium àti ìdá 8 nickel nínú 100, irin méjì tí a ń yọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Chromium ni kì í jẹ́ kí irin náà dípẹtà, nítorí ó máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí, tí yóò sì bo gbogbo ara rẹ̀. Nickel ní tirẹ̀ máa ń yí bí irin náà ṣe tò nínú padà, ìdí nìyẹn tí mágnẹ́ẹ̀tì kì í fi í rí i fà. Àmọ́ bí alágbẹ̀dẹ bá ki irú irin bẹ́ẹ̀ bọ iná títí tó fi pọ́n, tó sì rì í sínú òróró, kò ní le sí i. Kò burú fún ṣíbí, ta ló fẹ́ fi ṣíbí gé okùn?

Stainless tí a fi ń ṣe ọ̀bẹ yàtọ̀: ó ní carbon, èròjà inú èédú, tó pọ̀ tó láti jẹ́ kí iná mú un le, mágnẹ́ẹ̀tì a sì máa fà á. Bẹ́ẹ̀ ni stainless ti Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, rí, èyí tó yọ́ ní Sheffield, ìlú àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1913, tó ní ìdá 12.8 chromium àti ìdá 0.24 carbon. Opinel, tí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé láti 1890, ní ọ̀bẹ àpò méjì: ọ̀kan stainless, èkejì irin carbon tí omi lè mú dípẹtà. Mágnẹ́ẹ̀tì ń fa méjèèjì. Ohun tí kò lè ya ọ̀bẹ méjì yìí sọ́tọ̀ ni a fi ń ṣe ẹ̀rí lọ́jà!

Mo ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Mo ra ọ̀bẹ kan tó ń dán bíi dígí nítorí pé mágnẹ́ẹ̀tì kò fà á, tí ọlọ́jà sì ń wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó rèé.” Mo fi gé èbù iṣu lóko. Kó tó di ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí mo sì ti ń pọ́n ọn ló tún ń ká, nítorí erùpẹ̀ ara èèpo iṣu nìkan ti tó láti borí irin rírọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fáìlì sàn ju mágnẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ọlọ́jà bá gbà, ẹ fi rà á díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀bẹ, nítòsí èèkù: bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ́ igi, irin náà rọ̀, bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le. Bí ọ̀bẹ náà bá jẹ́ irú èyí tí a ń ká sínú èèkù, ẹ ṣí i, kí ẹ mi ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ń mì lè ká mọ́ni níka.

Lóko, ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n fi sípíríǹgì mọ́tò rọ ni mò ń lò báyìí. Oje iṣu ti sọ ọ́ di dúdú, mo sì gbọ́dọ̀ nù ún kí n fi òróró pa á kí n tó sùn. Èyí tó wà nínú àpò mi jẹ́ stainless, nítorí òógùn ló ń bá gbé, mágnẹ́ẹ̀tì sì ń fa òun náà.