Ẹ Kọ́kọ́ Wo Inú Rẹ̀ Ná

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ojúde Ọba pé nígbà tí télọ̀ wá wọn àbúrò mi obìnrin fún aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ó fi téèpù yí i níbàdí, ó tú u, ó tún un wọ̀n, ló bá ṣí ìwé rẹ̀ wo ti èṣí. "Aǹtí, ṣebí wọ́n ti gé ikùn yín?" Gbogbo wa tó wà ní pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Àbúrò mi rín tirẹ̀, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí télọ̀ fi lọ.

Ọdún 2018 ló lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní Íńdíà, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn dànù, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ kan ló tà fi ṣe é. Kílò 138 ló gbé lọ, láàárín ọdún kan àtààbọ̀ ó ti bọ́ sí 91. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn láìdúró mí. (Àwa Ìjẹ̀bú kan náà tí à ń kí ara wa lóde àríyá pé "o ti sanra, owó ti dé" la tún ń bi í pé ta ló ń pọ́n ọn lójú.) Lẹ́yìn ìyẹn ni kílò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí télọ̀ wá yẹn, ó ti di 119.

Ẹbí ní ọ̀fun ló ń dà á láàmú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo lọ bá a gbé fún oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé mi ṣe.

Ẹran kì í lọ dáadáa fún un. Òkèlè iyán mẹ́ta, àyà á ti há. Ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ rọ̀, ó ń yọ̀ lọ ni. Ògì onísúgà ń yọ̀ lọ. Mọ́ọ̀tì inú fíríìjì, ìyẹn kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn rárá. Ikùn tí wọ́n gé ń dá oúnjẹ líle dúró, kò lágbára lórí ohun tó bá ń ṣàn. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n sì dì fún un bọ̀ láti Íńdíà, búrọ́kólì ló kún inú rẹ̀. Ta ló ń ta búrọ́kólì lọ́jà Òkè-Àjẹ?

Òru ló burú jù. Ìjókòó ló ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, torí bó bá fi lè nà gbalaja, omi kíkan á ru wá sí ọ̀fun rẹ̀, á máa wúkọ́. Mílíìkì ló fi ń pa iná náà. Mo bá a nídìí fíríìjì láago méjì òru, agolo lọ́wọ́, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Mílíìkì yẹn wà nínú kílò tí a ń bá a kà.

Ọ̀rọ̀ wá di bóyá kó tún padà lọ ṣiṣẹ́ abẹ ikùn náà. Ibi tí mo dúró sí nìyí: kẹ́nikẹ́ni tó sọ pé kó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, tàbí pé kó má ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú. Ẹnìkan wà tó pè é lórí fóònù, tó ní kó san àsansílẹ̀ kóun fún un ní ọjọ́. Fọ́tò rẹ̀ nìkan lonítọ̀hún rí! Dókítà mìíràn ló ní rárá, àfi kóun kọ́kọ́ wo inú, tó ti kámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé, tó sì ní kó mu omi funfun kan kí wọ́n tó ya X-ray. Apá kan ikùn náà ti fẹ̀, òkè rẹ̀ sì ti yọ wọ inú àyà. Ààwẹ̀ wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn? Ọmọ wa kan lókè òkun ní kó gba abẹ́rẹ́ tuntun tó ń pa ebi. Abẹ́rẹ́ náà ń ran àwọn tí kílò padà sí lára lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè fa ikùn tó gòkè wálẹ̀.

Bypass ni dókítà ní àwọn máa sọ ọ́ dà: àpò kékeré bí ẹyin adìẹ lókè, kí wọ́n so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ má dé ikùn tó kù mọ́. Ó sọ òtítọ́ fún wa. Ẹlẹ́ẹ̀kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àpá ti lẹ nǹkan mọ́ra wọn nínú, ojú ìránṣọ sì lè jò. Kílò tó máa bọ́ kì í sábà tó ti ìṣáájú. Fítámì B12 àti oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun dọjọ́ ikú, kò gbọdọ̀ fò ó.

Mo ní kó ṣe é. Bí kílò kan ò bá tilẹ̀ bọ́, kó ṣáà lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Télọ̀ pè mí lánàá nítorí aṣọ náà. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó ṣeé dín tó bá yá. Ó ní, "Aǹtí, ṣé ó dá yín lójú pé á ṣeé dín?"

Mo ní, ìwọ ṣáà rán an.