Lílé àlejò ò tún ìlú kankan ṣe rí

Mo ṣì ń rí i kí àwọn èèyàn máa sọ pé tí ìlú bá le, àwọn àlejò ló fà á, pé tí wọ́n bá ti lé wọn lọ nǹkan á dẹ̀. Irọ́ ni o. Wọ́n ti ṣe é fún wa rí, àwa náà ti ṣe é fún ẹlòmíì, kò dẹ̀ fún ẹnì kankan.

Nófẹ́ńbà 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àjèjì tí ò bá ní pépà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, iṣẹ́ ò sí, ni wọ́n bá ń sọ pé àwọn Yorùbá ló gba ọjà mọ́ onílùú lọ́wọ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà tó ti ń tajà ní Kumasi àti Tamale látayé òyìnbó, tí ọmọ wọn gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, wọ́n ta ọjà lówó pọ́ọ́kú, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ráyè sin gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Kí ló wá dẹ̀? Oko kòkó ò rí lébìrà mọ́, torí àjèjì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Owó kòkó tún já, Dìsẹ́ńbà 1971 Busia já cedi, owó Gánà, wálẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e sójà gbàjọba.

Ó wá kan àwa náà. Jánúárì 1983, owó epo ti já, ìdìbò ń bọ̀, ìjọba Shagari náà ní kí àjèjì tí ò ní pépà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà bíi mílíọ̀nù kan kó sọ́nà, Rawlings tó ń ṣolórí Gánà sì ti ti bọ́dà ẹ̀ pa láti 1982, bí wọ́n ṣe há sí Kùtọnu nìyẹn, tọmọtọmọ, wọ́n ń sun ìta títí wọ́n fi ṣí i. Báàgì onílà tí à ń pè ní Ghana-must-go, ìgbà yẹn ló ti gborúkọ. Ẹ bi àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà: ará Gánà ni ọ̀pọ̀ tíṣà maths àti sáyẹ́ǹsì wọn, wọ́n kàn dé kíláàsì lọ́jọ́ kan ni, kò sí tíṣà.

Ṣé epo wá gbówó lórí torí pé tíṣà maths lọ? Ọjà àgbáyé ló ń sọ iye tí epo máa jẹ́, bó ṣe ń sọ ti kòkó. Ẹni tí wọ́n lé yẹn ń háyà yàrá, ó ń ra gàrí, ó ń wọ mólúè, gbogbo owó yẹn ló bá a lọ. Kọ́dún náà tó parí, sójà ti lé Shagari. Àwọn sójà náà tún lé àjèjì ní 1985, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà sì wó.