Àìsan ìdámẹ́wàá kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni ègún

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwa Kristẹni ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, pé ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá ti ja Ọlọ́run lólè, pé ègún ń bá a jà, àti pé ìdí nìyẹn tí owó fi ń jò lápò rẹ̀. Málákì orí kẹta ni wọ́n máa ń kà láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí onígbàgbọ́ lawọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò bá Bíbélì mu, ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Kí Málákì tó sọ̀rọ̀ olè ní ẹsẹ kẹjọ, ó ti dárúkọ àwọn tí Ọlọ́run yóò bá ṣẹjọ́ ní ẹsẹ karùn-ún: àwọn tó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ni opó àti aláìníbaba lára, àti àwọn tó ń fi ẹ̀tọ́ àlejò dù ú. Ilé ìṣúra inú ẹsẹ kẹwàá, yàrá ọkà, wáìnì àti òróró nínú tẹ́ḿpìlì ni, bí Nehemáyà orí 13 ṣe fi hàn.

Diutarónómì 14 tilẹ̀ yà mí lẹ́nu ju èyí lọ. Ẹni tó mú ìdámẹ́wàá oko wá, òun àti ará ilé rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ níwájú Olúwa. Bí ọ̀nà bá jìn, kí ó tà á, kí ó sì fi owó náà ra ohunkóhun tó bá wù ú níbẹ̀, kí wọ́n jọ jẹ, kí wọ́n sì jọ yọ̀. Ní òpin ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, inú ìlú rẹ̀ ni yóò kó o jọ sí, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó lè jẹ àjẹyó. Opó wà lára àwọn tí ìdámẹ́wàá wà fún. Lónìí, opó tó ń ta ata wẹ́wẹ́ ní ọjà Ìpàtà ni wọ́n ń béèrè káàdì ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìjọ kan tí mo mọ̀ dáadáa, ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á pe àwọn tó mú àpòòwé ìdámẹ́wàá wá síwájú pẹpẹ fún àdúrà àkànṣe. Nínú àwọn tí kò ní, obìnrin kan á máa tún gèlè tí kò tú wé, òmíràn á gbé ọmọ tí kò sunkún jáde. Nígbà tó yá, àwọn kan kì í wá lọ́jọ́ náà mọ́. Wọ́n ti gbà pé àwọn kò já mọ́ nǹkan kan lójú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ Jákọ́bù orí kejì bá ìjọ wí gidigidi nítorí pé wọ́n fún olówó tó wọ òrùka wúrà ní ìjókòó rere, tí wọ́n sì ní kí tálákà lọ dúró.

Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé agboolé kan náà ní Ìlọrin mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Saka, ìyẹn ọrẹ àánú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù pa láṣẹ, kò di dandan fún ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò bá tó níṣáàbù, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin ẹ̀sìn náà là kalẹ̀. Ẹni tó bá tó, ìdá kan nínú 40 ni yóò yọ nínú owó rẹ̀, aláìní ni wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn tó tọ́ sí. Kò sí ẹni tó ń pe aláìní ní ẹni ègún nítorí pé kò yọ saka.

Àwọn kan á béèrè ohun tí pásítọ̀ yóò jẹ. Kí ìjọ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Pọ́ọ̀lù fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló ní kí olúkúlùkù fúnni bó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe ti ipá, òun náà ló sì kọ ọ́ sí àwọn ará Gálátíà pé Kristi ti rà wá padà kúrò lọ́wọ́ ègún òfin. Nínú Máàkù orí keje, Jésù bínú sí àwọn tó ń ya ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Nítorí náà, bí ìyá rẹ ní Òmù-Àrán kò bá rí owó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, rà á fún un kí o tó kọ orúkọ rẹ sára àpòòwé kankan.