“Ẹbí wa ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ kó ràn wá?”

Ẹ̀gbọ́n kan nínú WhatsApp ẹbí wa ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ Kérésì la ń sọ o, ta ló máa ra ewúrẹ́, ta ló máa sùn sí yàrá wo, ni ẹnì kan bá ṣàwàdà pé ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà bíi ti ọdún Kòrónà o, tí wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní irọ́ ni wọ́n pa fún wa nígbà yẹn, ọjà àti ọkọ̀ èrò ni àrùn wà, ará ilé ẹni kì í kó àrùn ranni, “ẹbí wa ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ kó ràn wá?”, àti pé bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé lọ́la, ilé bàbá àwọn ní Iléṣà náà làwọn ti máa ṣọdún. Èèyàn méjìlá ló fi àtàǹpàkò sí i. Méjìlá! Ọ̀kan nínú àwọn méjìlá yẹn ni èmi àti ẹ̀ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọsibítù kan ní oṣù Kìíní 2021, tá a ń pe gbogbo ẹni tá a mọ̀ pé ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọ́síjìn.

Mo tẹ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́. Àgbà ni wọ́n, mi ò lè máa bá wọn fa ọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọjà tí wọ́n sọ. Èémí ni Kòrónà ń bá rìn. Bí ẹni tó ní i bá mí, bó bá sọ̀rọ̀, bó bá kọrin, bó bá rẹ́rìn-ín, ó ń tú u sáfẹ́fẹ́ nìyẹn, bí ibẹ̀ bá sì há, tí fèrèsé wà ní títì, tẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ máa fà á símú. Èèyàn sì ti ń tú u jáde ní bí ọjọ́ kan sí méjì kí ara ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná rárá, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣe àwọn títí tó fi máa lọ. Ó dáa. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ìṣẹ́jú mélòó lo lò lọ́dọ̀ ẹ̀? Ìta gbangba ni, o na owó sí i, ó na ẹja sí ẹ, o ti lọ. Ọmọ àbúrò ìyá ẹ tó ti Èkó dé ńkọ́? Wákàtí márùn-ún nínú páálọ̀ kan náà, ẹ dì mọ́ra, ẹ jọ jẹ nínú abọ́ kan, ẹ ń pariwo bọ́ọ̀lù síra yín lójú, ilẹ̀ ṣú, ẹ tún jọ tẹ́ ẹní sùn sí yàrá kan. Ta ló sì ń lo ìbòmú nínú páálọ̀ bàbá ẹ̀? Ẹni tá ò mọ̀ rí la máa ń takété sí, ẹni tá a fẹ́ràn la máa ń gbá mọ́ra. Àwọn baba wa ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ẹ̀gbọ́n gan-an ló máa ń pa òwe yẹn fún wa tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá ìdílé, àmọ́ tó bá ti kan Kòrónà, wọ́n á gbàgbé ẹ̀.

Wọn ò ní gba tèmi gbọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú tàwọn tó jókòó kà á. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó àkọsílẹ̀ adójútòfò ìlera ìdílé tó tó mílíọ̀nù 2.9, ti ọ̀sẹ̀ 45 àkọ́kọ́ nínú ọdún 2020. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé o ṣe páátì, torí èèyàn á purọ́, pàápàá lásìkò tí ìjọba ní ká má ṣe é. Ọjọ́ ìbí nìkan ni wọ́n wò. Ilé tí ọjọ́ ìbí bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé Kòrónà mú wọn ju ilé tí kò bọ́ sí lọ? Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí pé ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn ò mọ̀ bóyá ó lówó tàbí kò lówó, kò mọ̀ bóyá ó gbà pé Kòrónà wà tàbí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ náà á ṣáà bọ́ síbi tó bọ́ sí. Kí ni wọ́n rí? Ní àwọn àdúgbò tí Kòrónà ti pọ̀, iye àwọn tí Kòrónà mú nínú ilé tí ọjọ́ ìbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí fi èèyàn 8.6 ju ti ilé tó kù lọ nínú 10,000. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló lọ́jọ́ ìbí, 15.8. Kéèkì kì í fa Kòrónà, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó wá báni jẹ kéèkì ni, ìyá àgbà, àǹtí, àwọn ọmọ àǹtí, àwọn ẹbí náà tí wọn ò lè kó nǹkankan ràn wá. Ti ọmọdé ló sì ga jù, torí ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún pé kò sí páátì? Mo gbà, ìwádìí náà ò lè ya ẹni tó ṣe páátì lóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó dá jẹ kéèkì ẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ara àwọn ni, bó bá máa pa àwọn kó pa àwọn, kí ló kan ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbọ́ ti Millinocket, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ní 7 oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, èèyàn 55 péré ló wá (níbi tiwa, 55 ò tó àwọn tó ń pín ìrẹsì), wọ́n jókòó sínú ilé, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Nígbà tí àwọn elétò ìlera máa fi tọpa ẹ̀ tán, èèyàn 177 ló ti kó o, méje ti kú. Kò sí ìkankan nínú àwọn méje yẹn tó dé ibi ìgbéyàwó náà. Ẹ padà ka gbólóhùn yẹn. Àwọn tó lọ jẹun ló gbé e kúrò níbẹ̀, ó dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní Chicago ńkọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 kan náà, kó tiẹ̀ tó di pé wọ́n ti ìlú pa, ẹnì kan tí ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le lọ síbi ìsìnkú, ó bá wọn jẹun, ó dì mọ́ àwọn ọlọ́fọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó lọ síbi ọjọ́ ìbí nínú ẹbí ẹ̀. Èèyàn 16 ni wọ́n kà sí i, mẹ́ta kú. Ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí o, kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ èrò.

Ó wá ku tèmi. Ní 17 oṣù Kejìlá 2020, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn nílẹ̀ wa, ka èèyàn tuntun 1,145 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọjá 1,000 nílẹ̀ wa nìyẹn. Gómìnà Èkó fúnra ẹ̀ ti ní in lóṣù yẹn. Ìjọba Èkó fòfin de páátì, wọ́n ní kóníléógbélé láti agogo méjìlá òru títí di mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ la kà, tá a fi ránṣẹ́ síra wa pẹ̀lú àwòrán ẹkún, lẹ́yìn ìyẹn a di ẹrù, ó di Iléṣà. Èmi náà wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

A jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ọyẹ́ mú wa lọ́dún yẹn débi pé gbogbo fèrèsé la tì pa, a tún ta aṣọ bò ó torí eruku. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti Èkó ní 24, ó ń sín, ó ń fa imú, gbogbo wa ní ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ni, màmá mi po oyin mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Ó jókòó ti Dádì Ìkirè, wọ́n jọ ta ayò di òru. Àbúrò bàbá mi ni Dádì Ìkirè, ẹni ọdún 68, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò sì lè rí ọlọ́pọ́n ayò kí wọ́n máà jókòó tì í.

Ní 30 oṣù náà, màmá mi ń se ewédú, wọ́n fi irú sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún fi irú sí i, wọ́n tún tọ́ ọ wò, ni wọ́n bá pariwo pé ta ló ra irú tó ti kú wá sílé fáwọn, kò rùn rárá. Irú pẹ̀tẹ̀ o! Àbúrò mi ti ìta wọlé, ó di imú, ó ní ta ló da irú sílẹ̀ nínú ilé yìí? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó di alẹ́, èmi ti lọ wo fọ́ọ̀nù mi, mo rí i pé àìgbóòórùn wà lára àmì àrùn náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kó tó di ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, àwa méje là ń wúkọ́. Dádì Ìkirè ò lè ti yàrá dé balùwẹ̀ láìdúró mí.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù tá a gbé wọn lọ. Èsì tẹ́ẹ̀sì gba ọjọ́ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú àwa méje ló ṣe tẹ́ẹ̀sì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní i. Wọ́n ní ọ́síjìn àwọn ti ń tán lọ, ká wá sílíńdà fúnra wa, ìyẹn ló gbé wa dórí bẹ́ǹṣì yẹn. Lóṣù náà gan-an ni Gómìnà Sanwo-Olu sọ pé ọ́síjìn tí wọ́n ń lò ní ọsibítù Yaba ti kúrò ní sílíńdà 70 lójúmọ́, ó ti di 350. Èkó nìyẹn o, níbi tí nǹkan ti pọ̀ ju tiwa lọ. Dádì Ìkirè kú ní 16 oṣù Kìíní. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá ló wá rántí pa wọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Kérésì, kó sì tó lọ ó kọ́kọ́ yà sídìí ààrò, ó gba òórùn irú nímú màmá mi.

Mi ò lè búra pé ọmọ yẹn ló gbé e wá. Ó lè jẹ́ èmi tí mi ò sín rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwa mọ́kàndínlógún ni, torí màmá mi ti ra gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí àlejò tó dé, ẹnikẹ́ni ò dé ọjà. Ọmọ yẹn ò tíì bá wa ṣọdún ní Iléṣà láti ìgbà náà, bí a bá pè é, á ní iṣẹ́ pọ̀.

Mo mọ àwọn ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa ń pa á. Manaus ní Brazil wà láàárín igbó Amazon, ooru ibẹ̀ ò kéré sí ti Ìbàdàn, ọ́síjìn tán níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021, àwọn èèyàn ń kú lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á ní àwọn ò rí ẹni tó ní i. NCDC àti NIMR, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ wa, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá 2020, wọ́n rí àmì ẹ̀ lára ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ní Èkó, ó ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún, torí náà ẹ rí i, ẹ tiẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní ṣebí ìjọba yìí náà ló kó pálíátíìfù pamọ́, tí àwọn ará ìlú já ibi ìkẹ́rùsí ní Ẹdẹ lóṣù Kẹwàá 2020 tí wọ́n bá oúnjẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kó o pamọ́, inú bí èmi náà. Kí ló kan èémí nínú ẹ̀? Àwọn tó wà ní London á ní ṣebí Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, fún àwọn láyè láti ṣe Kérésì pẹ̀lú ẹbí. Ó fún yín láyè fún ọjọ́ márùn-ún, ní 19 oṣù Kejìlá ó gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ará London, oṣù Kìíní ò sì tíì parí tí àwọn tí Kòrónà pa ní gbogbo UK fi lé ní 100,000.

Àwọn tí wọ́n kà pé ó kú nílẹ̀ wa ò tó tàwọn yẹn rárá, mo mọ̀, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Dádì Ìkirè kì í ṣe ọ̀dọ́.

Kò sì sẹ́ni tó ní ká má ríra títí ayé. Ìyẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Àjíǹde ọdún 2021 bọ́ sí 4 oṣù Kẹrin. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ti balẹ̀ sí Abuja ní 2 oṣù Kẹta, ọyẹ́ ti lọ, a ò bá jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò bàbá mi pẹ̀lú ewúrẹ́ kan náà. Tàbí ká tiẹ̀ lọ ní Kérésì yẹn náà, àwa mẹ́fà péré, ká ṣí fèrèsé, ká fara da eruku, kí ẹni tó ń sín dúró sí Èkó kó fi fídíò kí wa. Igi máńgòrò yẹn wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn o. Abẹ́ ẹ̀ la gbé mọ́tò sí.

Nígbà tí mo máa padà sí WhatsApp, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Kòrónà sílẹ̀, owó ewúrẹ́ ni wọ́n ń dá. Mo fi tèmi ránṣẹ́. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe lọ́dún yìí, abẹ́ máńgòrò ló máa jókòó sí, mọ́tò á wà níta géètì. Èèyàn mẹ́ta ló fi àtàǹpàkò sí i.